Gbogbo Wa Mọ Hulk, Ta Ló Mọ Jack Kirby?

Ní alẹ́ ọjọ́ Ẹtì kan ní sáà tó kọjá, àwa mẹ́jọ kóra jọ sínú yàrá kan ní hósítẹ́ẹ̀lì, a gbé látóòpù lé orí bọ́kẹ́ẹ̀tì tí a dojú rẹ̀ délẹ̀, à ń wo ọ̀kan nínú àwọn fíìmù Avengers. Iná ti lọ láti ìrọ̀lẹ́. Bátìrì látóòpù náà ti ń lọ sópin, gbogbo wa sì ń gbàdúrà kó gbé wa dé ìparí. Bí bàbá arúgbó kan tó wọ awò ojú ṣe yọjú fún ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀, yàrá pariwo: "Stan Lee!" Ẹnìkan tilẹ̀ dọ̀bálẹ̀ fún un níwájú látóòpù. Mo wá bi wọ́n pé, "Jack Kirby ńkọ́?"

Yàrá dákẹ́. Ọ̀rẹ́ mi kan tó ń kọ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ ní, "Ṣé òun ló ṣe Hulk?" Mo ní rárá o, òun kọ́ ló ṣe é nínú fíìmù, òun ló yà á. Wọ́n ní kí n jọ̀ọ́ kí n jẹ́ káwọn gbádùn fíìmù àwọn.

Ẹ má bínú sí wọn. Èmi náà ò mọ̀ ọ́n kí n tó bẹ̀rẹ̀ sí í yàwòrán fún owó. Ṣùgbọ́n ìdákẹ́jẹ́ yẹn ò kúrò lọ́kàn mi láti ọjọ́ náà, òun ló sì mú mi kọ ohun tí ẹ ń kà yìí. Ọkùnrin tí mò ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ kú ní ọjọ́ 6 oṣù Kejì, ọdún 1994, nílé rẹ̀ ní Thousand Oaks, ní ìpínlẹ̀ California. Àìsàn ọkàn ló pa á, ọmọ ọdún 76 sì ni. Ọ̀pọ̀ jù nínú àwa tí a ń ka ojúlé yìí ni wọn ò tíì bí nígbà náà. Síbẹ̀ ohun tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ yà wà lára ṣẹ́ẹ̀tì tí wọ́n ń tà ní ẹnu géètì wa, ó wà lára báàgì àwọn ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi, ó wà lórí fóònù yín.

Èrò tèmi rèé, kí n sọ ọ́ kedere kí a tó rìn jìnnà: ìyìn tí ayé ń fún Kirby lẹ́yìn ikú kò dí ihò tí wọ́n gbẹ́ nígbà tó wà láàyè. Àwa akẹ́kọ̀ọ́ tí a ń yàwòrán, tí a ń kọ̀wé, tí a ń ṣe ètò kọ̀ǹpútà fún àwọn ènìyàn, inú ihò kan náà la ń rìn lọ, tẹ̀ríntẹ̀rín.

Jacob Kurtzberg ni orúkọ tí àwọn òbí rẹ̀ sọ ọ́. Wọ́n bí i ní ọjọ́ 28 oṣù Kẹjọ, ọdún 1917, ní Lower East Side, àdúgbò àwọn tálákà ní New York. Júù ni wọ́n, wọ́n ṣí wá láti ilẹ̀ Austria, bàbá rẹ̀ sì ń ṣiṣẹ́ ní ilé-iṣẹ́ tí wọ́n ti ń rán aṣọ. Àdúgbò ìjà ni. Àwọn ọmọ òpópónà kan a máa gbógun ti àwọn ọmọ òpópónà kejì. Ẹni tó bá wo ìwé Kirby dáadáa á rí ìjà yẹn níbẹ̀, bí ẹ̀ṣẹ́ ṣe ń ti ẹ̀gbẹ́ kan ojú ìwé bọ̀, àfi bí ẹni pé ó fẹ́ já jáde lu òǹkàwé. Kì í ṣe ilé ìwé ló ti kọ́ ọ. Ó wọ Pratt Institute lóòótọ́, ṣùgbọ́n ọ̀sẹ̀ kan péré ló lò níbẹ̀ tó fi jáde. Ojú rẹ̀ ló fi kọ́ iṣẹ́, ọwọ́ rẹ̀ ló fi dán an wò.

Ní òpin ọdún 1940, òun àti Joe Simon gbé Captain America jáde. Iwájú ìwé àkọ́kọ́ yẹn, Captain America ń gbá Hitler lẹ́ṣẹ̀ẹ́ ní àgbọ̀n. Ẹ rántí pé Amẹ́ríkà ò tíì wọ Ogun Àgbáyé Kejì nígbà náà, ó ku nǹkan bí ọdún kan. Ọ̀pọ̀ ọmọ Amẹ́ríkà ló ń sọ pé ogun àwọn aláwọ̀ funfun ilẹ̀ Yúróòpù kò kan àwọn. Àwọn ọmọ Júù méjì yìí ti sọ ibi tí àwọn dúró sí, pẹ̀lú ìwé tí owó rẹ̀ ò ju sẹ́ǹtì mẹ́wàá lọ.

Nígbà tó di ọdún 1943, wọ́n mú Kirby fún iṣẹ́ ológun. Ó gúnlẹ̀ sí Normandy ní ilẹ̀ Faransé ní oṣù Kẹjọ, ọdún 1944. Ọ̀gá kan gbọ́ pé òun ló ya Captain America, ló bá ní kó máa ṣáájú àwọn yòókù lọ, kó lọ ya àwòrán ibi tí àwọn ọ̀tá wà wá. Ẹ wo nǹkan! Iṣẹ́ ọwọ́ tó yẹ kó gbà á sílẹ̀ ló tì í lọ sí iwájú ìbọn. Òtútù jẹ ẹsẹ̀ rẹ̀ nínú ogun náà débi pé díẹ̀ ló kù kí wọ́n gé e. Ó padà sílé, ó sì gbé ìkọ̀wé rẹ̀. Ní ọdún 1947, òun àti Simon bẹ̀rẹ̀ Young Romance, ìwé àwòrán ìtàn ìfẹ́ àkọ́kọ́ irú rẹ̀ ní Amẹ́ríkà. Ẹni tó rò pé akọni tó ń fò lójú ọ̀run nìkan ni ọkùnrin yìí mọ̀ ọ́n yà, ẹ bá mi sọ fún un.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti wá dùn, tó sì ti korò, ni láàárín ọdún 1961 sí 1970. Òun àti Stan Lee gbé Fantastic Four jáde ní 1961. Hulk tẹ̀lé e ní 1962, Thor náà ní 1962, X-Men àti Avengers ní 1963. Ẹ ka orúkọ wọ̀nyẹn lẹ́ẹ̀kan sí i. Kò tó ọdún mẹ́ta tí wọ́n fi dá ohun tí sinimá gbogbo àgbáyé ń jẹ títí dòní.

Báwo ni wọ́n ṣe ń ṣe é? Ọ̀pọ̀ wa rò pé ẹnìkan á kókó kọ ìtàn tán, yóò wá gbé e fún ayàwòrán pé kó yà á, bí ìgbà tí èèyàn gbé aṣọ fún télọ̀ tí ó sì sọ irú èyí tó fẹ́. Kò rí bẹ́ẹ̀ níbẹ̀. Lee àti Kirby á jọ sọ̀rọ̀ nípa ìtàn náà, nígbà mìíràn ní ìwọ̀nba ọ̀rọ̀ díẹ̀. Kirby á lọ sílé, á jókòó sídìí tábìlì rẹ̀, á ya ìtàn náà láti ojú ìwé kìíní títí dé ìkẹyìn. Òun ló ń pinnu ẹni tó wọlé, ẹni tó jáde, ibi tí ìjà ti bẹ̀rẹ̀, bí ó ṣe parí. Ó sì máa ń kọ àlàyé sí etí ìwé. Lẹ́yìn náà ni Lee yóò wá fi ọ̀rọ̀ sí àwọn tó wà nínú àwòrán lẹ́nu.

Àpẹẹrẹ kan wà tí Lee fúnra rẹ̀ kò jiyàn. Ní 1966, wọ́n jọ ro ìtàn kan nípa òmìrán tó ń jẹ odindi ayé, Galactus. Nígbà tí àwòrán dé ọwọ́ Lee, ó rí ọkùnrin kan tó ń dán bíi fàdákà tó gun pátákó ń fò kiri ojú ọ̀run. Kò mọ ẹni tí í ṣe. Kirby ló dá a sílẹ̀ níbi tó jókòó sí, nítorí ó rò pé irú òmìrán bẹ́ẹ̀ yẹ kó ní ẹni tí yóò máa ṣáájú rẹ̀ lọ kéde. Ẹni yẹn ni Silver Surfer. Ọba wa wo ló ń rìn láìní akígbe? Kirby mọ èyí láìjẹ́ ọmọ ààfin.

Ọdún 1966 yẹn kan náà, ọdún tí àwọn ológun kọ́kọ́ gba ìjọba nílẹ̀ wa, ni Black Panther jáde nínú Fantastic Four ẹlẹ́ẹ̀kejìléláàádọ́ta. Kirby sọ lẹ́yìn náà pé òun ṣàkíyèsí pé kò sí aláwọ̀ dúdú nínú ìwé òun, bẹ́ẹ̀ àwọn aláwọ̀ dúdú ń kà á, wọ́n sì wà láàárín ọ̀rẹ́ òun. Kò sì yà á ní ìránṣẹ́. Ọba ló yà, ọba ilẹ̀ Áfíríkà tí ẹ̀rọ ìlú rẹ̀ ya àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ New York lẹ́nu. Nígbà tí fíìmù rẹ̀ jáde ní 2018, a wà ní sẹ́kọ́ńdírì. Ẹ rántí bí àwọn èèyàn ṣe ń wọ aṣọ ìbílẹ̀ lọ sí sinimá. Ẹ rántí bí olúkúlùkù ṣe ń ká ọwọ́ sí àyà. Owó tí fíìmù náà pa káàkiri ayé lé ní bílíọ̀nù kan àti ọ̀ọ́dúnrún mílíọ̀nù dọ́là. Ọdún méjì ṣáájú ìyẹn, Captain America tí Kirby yà ní 1940 ti wá jà ní ọjà Èkó nínú Civil War, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹni tó bá mọ Èkó mọ̀ pé Èkó yẹn kì í ṣe Èkó.

Kí ni Kirby rí gbà? Iye owó kan lórí ojú ìwé kọ̀ọ̀kan tó bá yà. Ó parí síbẹ̀. Kò sí ìpín nínú èrè, kò sí owó orí nǹkan ìṣeré tàbí àwòrán orí tẹlifíṣọ̀n. Ojú ìwé tí kò bá yà lọ́sẹ̀ yìí, owó rẹ̀ ò ní í wọlé, bẹ́ẹ̀ ó ní ìyàwó, Roz, àti ọmọ mẹ́rin. Ìdí nìyẹn tó fi ń jókòó ti tábìlì di òru. Nígbà tí ẹni tó ni ilé-iṣẹ́ náà tà á ní 1968, Kirby rò pé àwọn tó rà á yóò dá òun mọ̀. Wọn ò dá a mọ̀ bó ṣe rò. Ní 1970, ó kó ẹrù rẹ̀ lọ sí DC, ilé-iṣẹ́ tó ń bá Marvel figagbága, ó sì dá Darkseid àti àwọn New Gods sílẹ̀ níbẹ̀.

Ó padà sí Marvel fún ìgbà díẹ̀ láàárín 1975 sí 1978. Lẹ́yìn náà ó bọ́ sí iṣẹ́ àwòrán tẹlifíṣọ̀n, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń sanwó gidi fún un. Àní àwòrán kan tó yà fún fíìmù tí wọn ò ṣe rí, àwọn òṣìṣẹ́ aláṣìírí ìjọba Amẹ́ríkà gbé e dání ní 1980, wọ́n fi ṣe bí ẹni pé àwọn ń wá ibi tí àwọn á ti ya fíìmù, wọ́n sì fi kó ọmọ Amẹ́ríkà mẹ́fà jáde kúrò ní Iran. Fíìmù Argo tí ẹ wò, ìtàn rẹ̀ nìyẹn. Iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ gba ẹ̀mí là, kò gba òun fúnra rẹ̀ lọ́wọ́ wàhálà.

Wàhálà wo? Ìwé tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ yà ni. Nígbà tí wọ́n bá tẹ ìwé àwòrán tán, bébà ńlá tí ayàwòrán yà á sí ṣì wà. Ó níye lórí, àwọn olólùfẹ́ máa ń rà á. Ní àwọn ọdún 1980, Marvel bẹ̀rẹ̀ sí í dá bébà wọ̀nyẹn padà fún àwọn tó yà wọ́n, wọ́n kàn ní kí wọ́n fọwọ́ sí ìwé kúkúrú kan. Nígbà tó kan Kirby, ìwé tirẹ̀ di ojú ewé mẹ́rin, ó kún fún ohun tí kò gbọdọ̀ ṣe àti ohun tí kò gbọdọ̀ sọ. Tó bá fọwọ́ sí i, wọ́n á fún un ní 88 nínú ẹgbẹẹgbẹ̀rún bébà tó ti yà fún wọn. Ó kọ̀. Àwọn ayàwòrán ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbè é lẹ́yìn, wọ́n pariwo títí. Ní 1987, ó gba nǹkan bí ẹgbàá bébà. Ó ti di ọmọ àádọ́rin ọdún. Ní ọdún yẹn kan náà ni wọ́n fi orúkọ rẹ̀ sí ara àwọn ẹni ìyìn mẹ́ta àkọ́kọ́ nínú iṣẹ́ ìwé àwòrán. Ẹni tí wọ́n ń fi jẹ oyè ní ẹnu ọ̀nà iwájú ló ń tọrọ nǹkan ara rẹ̀ ní ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn.

Lẹ́yìn ikú rẹ̀, àwọn ọmọ rẹ̀ gbé ọ̀rọ̀ náà. Ní 2009, Disney kéde pé àwọn á ra Marvel ní nǹkan bíi bílíọ̀nù mẹ́rin dọ́là. Láìpẹ́ sígbà náà, àwọn ọmọ Kirby kọ̀wé pé àwọn fẹ́ gba ẹ̀tọ́ àdàkọ iṣẹ́ bàbá àwọn padà. Ilé ẹjọ́ dá wọn lẹ́bi ní 2011, ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn tún dá wọn lẹ́bi ní 2013. Ohun tí adájọ́ sọ kò ju òwe wa kan lọ: ẹni tó lẹrú ló lẹrù. Òfin àtijọ́ tí wọ́n fi gbé ẹjọ́ náà yẹ̀ wò sọ pé ẹni tó rán ni níṣẹ́, tó sì náwó sí i, òun ló ni ín. Ní oṣù Kẹsàn-án, ọdún 2014, nígbà tó ku ọjọ́ díẹ̀ kí Ilé Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ Amẹ́ríkà pinnu bóyá wọ́n á gbọ́ ẹjọ́ náà, ìdílé Kirby àti Marvel parí rẹ̀ ní ìtùbí-ìnùbí. Iye tó wà nínú rẹ̀, wọn ò sọ fún ayé. Láti ìgbà náà ni orúkọ Kirby ti ń hàn dáadáa, àti ní 2017, Disney fi oyè dá a lọ́lá. Ó ti pé ọdún 23 tó ti wà nínú ilẹ̀.

Mo mọ̀ pé àwọn kan nínú yín ti ń rọ́wọ́ sókè. Ó dáa, agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Ẹ jẹ́ ká gbọ́ ti ìhà kejì.

Àwọn kan á ní Kirby kì í ṣe ọmọdé, ó mọ bí iṣẹ́ náà ṣe rí kó tó wọ̀ ọ́, wọ́n sì ń sanwó fún un. Òótọ́ ni. Wọ́n á ní ilé-iṣẹ́ ló fowó wewu. Ìwé tí kò tà, ilé-iṣẹ́ ló jẹ gbèsè rẹ̀, Kirby kò dá kọ́bọ̀ padà. Òótọ́ nìyẹn náà. Wọ́n á sì ní láìsí Stan Lee, ta ni ìbá ka àwọn ìwé náà? Èyí ni mo gbà jù lọ. Ọ̀rọ̀ tí Lee fi sí wọn lẹ́nu ló jẹ́ kí Ben Grimm máa dẹ́rìn-ín pani, kó sì máa sunkún. Nígbà tí Kirby ń dá kọ ọ̀rọ̀ fúnra rẹ̀ ní DC, ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ le bíi pátákó. Ọwọ́ ọmọdé ò tó pẹpẹ, tàgbàlagbà ò wọ kèrègbè. Àwọn méjèèjì nílò ara wọn. N kò wá síbí láti ba Stan Lee jẹ́. Ó kú ní 2018 ní ẹni ọdún 95, ó sì ṣe tirẹ̀.

Ṣùgbọ́n tí ọwọ́ méjì bá jọ gbé ẹrù, kí ló dé tó jẹ́ ọwọ́ kan ṣoṣo ni wọ́n ń bọ̀? Pé ẹnìkan gba owó iṣẹ́ rẹ̀ kò túmọ̀ sí pé ó ti ta orúkọ rẹ̀. Àti pé àdéhùn tí ebi ń ti ẹnìkan láti ṣe, nígbà tí ẹnìkejì ní agbẹjọ́rò mẹ́wàá, òfin lè pè é ní àdéhùn, ọmọlúàbí kò ní í fi yangàn. Bí ilé-iṣẹ́ bá jẹ bílíọ̀nù lára ohun tó rà ní owó ojú ìwé, kò sí òfin tó ní kó má padà wá dúpẹ́. Kò sì yẹ kó dìgbà tí ẹjọ́ bá dé ẹnu ilẹ̀kùn ilé ẹjọ́ àgbà.

Ẹ jẹ́ kí n wá sọ ìdí tí ọ̀rọ̀ yìí fi ń dùn mí bẹ́ẹ̀.

Nígbà tí mo wà ní ọdún kejì, ọ̀rẹ́ kan mú mi mọ ọkùnrin kan tó fẹ́ ìwé àwòrán olójú ewé 24 nípa ibà àti ẹ̀fọn, fún àwọn ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ọ̀kẹ́ méjì náírà ló fẹ́ san. Lójú mi nígbà náà, owó ńlá ni; mo ti jẹ gbèsè oúnjẹ. Ó gbé ìwé kan jáde, ó ní kí n tètè fọwọ́ sí i, òun ń lọ síbòmíràn. Orí bọ́nẹ́ẹ̀tì mọ́tò rẹ̀ ni mo ti fọwọ́ sí i. N kò kà á. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni mo fi yà á, lóru, nínú yàrá ìkàwé. Mo dá ọmọbìnrin kan sílẹ̀ nínú rẹ̀, mo pè é ní Mojí, ó máa ń fi ìgbálẹ̀ lé ẹ̀fọn kiri bí ẹni ń lé adìyẹ. Mojí kò sí nínú ohun tí ọkùnrin náà ní kí n yà. Èmi ni mo ro ó.

Lẹ́yìn ọdún méjì, mo lọ kí ẹ̀gbọ́n ìyá mi tó jẹ́ olùkọ́. Mo bá ọmọ kékeré kan nínú kíláàsì wọn tó ń ka Mojí. Inú mi dùn débi pé mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ létí àga rẹ̀, mo ní, "Èmi ni mo ya ìwé yìí o." Ọmọ náà wò mí, ó wo ìwé, ó yí i sẹ́yìn. Ó fi ìka tẹ̀lé àwọn orúkọ tó wà níbẹ̀ ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Orúkọ ilé-iṣẹ́ wà níbẹ̀. Orúkọ ọ̀gá wà níbẹ̀. Orúkọ àwọn tó tẹ̀ ẹ́ wà níbẹ̀. Ó ní, "Ẹ ń parọ́. Orúkọ yín ò sí níbí."

Mo pe ọkùnrin náà lórí fóònù. Kò bínú, ó kàn ní, "Ṣebí a sanwó fún ẹ?" Òótọ́ ló sọ. Nígbà tí mo délé, mo wá ìwé tí mo fọwọ́ sí jáde, mo kà á fún ìgbà àkọ́kọ́. Gbogbo rẹ̀ ni mo ti fún un, títí kan Mojí, títí kan ìwé tí n kò tíì yà.

Èyí tó bí mi nínú jù ni ohun tí mo wá mọ̀ lẹ́yìn náà. Òfin ẹ̀tọ́ àdàkọ wa ní Nàìjíríà, tí wọ́n tún ṣe ní 2022, ṣe dáadáa fún wa ju bí òfin àtijọ́ ṣe ṣe fún Kirby lọ. Tí wọ́n bá gbé iṣẹ́ fún ẹ, tí o kì í ṣe òṣìṣẹ́ wọn, ìwọ lo kọ́kọ́ ni ẹ̀tọ́ iṣẹ́ náà, àyàfi tí ìwé tí o fọwọ́ sí bá sọ nǹkan mìíràn. Òfin náà sì fún ẹni tó ṣiṣẹ́ ní ẹ̀tọ́ láti sọ pé òun ló ṣe é. Ìyẹn ni pé kí n tó mú gègé lọ́jọ́ yẹn, èmi ni mo lẹrù. Orí bọ́nẹ́ẹ̀tì mọ́tò ni mo ti sọ ara mi di ẹrú.

Nítorí náà, ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, tí ẹnikẹ́ni bá ní kí ẹ tètè fọwọ́ síwèé, ẹ gbé ìwé náà lọ sílé. Ẹ fi han àwọn ọ̀rẹ́ wa tó ń kọ́ ìmọ̀ òfin. Wọ́n pọ̀ ní hósítẹ́ẹ̀lì, abọ́ ìrẹsì kan tó láti fi bẹ̀ wọ́n. Tí ẹ ò bá lè gba owó púpọ̀, ẹ gba orúkọ yín. Ẹ ní kí wọ́n kọ ọ́ síwájú ìwé, kí ó wà nínú àdéhùn. Ẹ bi wọ́n pé tí wọ́n bá tún un tẹ̀ ńkọ́? Ẹ tọ́jú àwọn bébà tí ẹ fi dánra wò, ẹ kọ ọjọ́ sí i. Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́.

Ẹ̀yin tí ẹ wà nínú ìgbìmọ̀ ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́, ẹ̀yin ni mo fẹ́ bá wí jù. Gbogbo ìgbà ìdìbò, ẹ máa ń pe àwọn ọmọ tó mọ̀ ọ́n ṣe láti ya pósítà yín, ẹ ó sì ní "ṣe é fún wa, orúkọ rẹ á gbayì." Orúkọ wo? Ẹ kì í kọ ọ́ síbẹ̀! Ìwé ìròyìn ẹ̀ka tí a tẹ̀ lọ́dún tó kọjá, àwòrán mọ́kànlá ló wà nínú rẹ̀, kò sí orúkọ ayàwòrán kankan, bẹ́ẹ̀ fọ́tò àwọn olóyè mẹ́sàn-án wà lójú ewé kejì. Kí àwa náà tí a ń kọ sí ojúlé yìí máa ṣe dáadáa: àwòrán yòówù kí a fi sí òkè ọ̀rọ̀ wa, ká kọ orúkọ ẹni tó yà á sábẹ́ rẹ̀.

Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n wa tí ẹ ti jáde, tí ẹ ti ń gbé iṣẹ́ fún ọmọ ilé ìwé báyìí, ẹ ṣé o. Owó tí ẹ ń fún wa ni a fi ń jẹun. Ṣùgbọ́n ìlà kan ṣoṣo lẹ́yìn ìwé kò ná yín ní kọ́bọ̀. Nílé wa, oríkì la fi ń pe ẹni tó lọ, kí ó má bàa di ẹni ìgbàgbé. Ẹni tí a kò mọ orúkọ rẹ̀, kí la fẹ́ fi pè é?

Lálẹ́ ọjọ́ yẹn ní hósítẹ́ẹ̀lì, àdúrà wa gbà díẹ̀. A rí ìjà ìkẹyìn. Ṣùgbọ́n bí àwọn orúkọ ṣe fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè lójú látóòpù báyìí, bátìrì kú. Àwọn yòókù dìde, wọ́n na ara, wọ́n ń wá ṣílípáàsì wọn nínú òkùnkùn. Kò sẹ́ni tó rò pé ó ku nǹkan kan. Nígbà mìíràn tí ẹ bá ń wò ó, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gba iná sí látóòpù yín kó kún, ẹ jókòó, ẹ ka orúkọ wọn.